Pọ́ǹpù Òkè, Họ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀

Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Bàbá Táyà. Òun náà ni olórí àwa panápaná abúlé, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé fẹ́nikẹ́ni. Èmi ni akápò, mo mọ iye tó ń ná wa: bàtà, ìbọ̀wọ́, garawa tí kì í jò. Nígbà tó kan ẹ̀rọ ìpaná, adúgbò Òkè ní àwọn á ra pọ́ǹpù. Ìsàlẹ̀ ní kò burú, họ́ọ̀sì jẹ́ tàwọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí owó òun wọ àpò ẹnìkejì. Bàbá Táyà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ lọ rà á níbì kan náà. Wọn ò gbọ́. Nígbà tí ẹrù dé, epo bẹntiróò wọ́n, a kàn tì í mọ́lé láìdán an wò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí atẹ́gùn ń fẹ́, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti àká tí gbogbo abúlé kó irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sí. Bí àká bá jó, kí la fẹ́ gbìn? A gbé pọ́ǹpù dé etí adágún omi, a na họ́ọ̀sì. Orí họ́ọ̀sì kéré, ẹnu pọ́ǹpù fẹ̀. Wọn ò bára mu.

Dírẹ́bà tó kówó Òkè jọ figbe ta: "Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀, họ́ọ̀sì lẹ rà àbí ìfun adìẹ?"

Ìyá Télọ̀, tó kówó Ìsàlẹ̀ jọ, ò jẹ́ kó balẹ̀: "Ta ló rán yín lọ ra ẹnu erinmi?"

"Ẹ pa á tì!" ni Bàbá Táyà wí. "Iná kì í dúró gbẹ́jọ́."

Ó sáré lọ ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀, ó mú túùbù ọkọ̀ ńlá kan bọ̀, tuntun, oníbàárà ti sanwó rẹ̀. Ó fọ̀bẹ là á.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò san ìyẹn?"

"Àbúrò, di ibí mú."

Ó wé rọ́bà mọ́ orí họ́ọ̀sì títí ó fi nípọn, ó tì í bọ ẹnu pọ́ǹpù, ó fi ìyókù dì í pinpin níta. Dírẹ́bà fa okùn ẹ̀rọ. Kò jí. Igun òrùlé àká ti ń rú èéfín. Ó tún fà á, ẹ̀rọ bú ramúramù, omi fọ́n sí wa lójú, ìdì náà ń yọ̀ bọ̀ síta. Bàbá Táyà gbá họ́ọ̀sì mọ́yà, ó ń tì í padà. Ìyá Télọ̀ tì í lẹ́yìn, Dírẹ́bà ti Ìyá Télọ̀.

"Ẹ fi gbogbo ara tì í, Ìyá Télọ̀!" ni Dírẹ́bà wí.

"Ara wo ló tún kù?"

Omi dé òrùlé. Igun kan bá iná lọ, irúgbìn ò lọ.

Èéfín ò tíì rọlẹ̀ tí Dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì náà, kó lè gbé pọ́ǹpù Òkè relé. Bàbá Táyà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Títú ò sí. Ẹ jọ ra orí irin tó bá méjèèjì mu, kẹ́ ẹ sì san owó túùbù oníbàárà mi."

Dírẹ́bà wo òrùlé àká. Ó tọwọ́ bàpò. Ìyá Télọ̀ ti na owó tirẹ̀ sí mi. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: orí irin àti túùbù, gbogbo rẹ̀ ò tó owó àpò irúgbìn kan. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Táyà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ ní dídì, Òkè gbé pọ́ǹpù, Ìsàlẹ̀ ru họ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn.