Ọgọ́rin Ọkọ̀ Ni Mo Wí

Mo rántí ìgbà tí ògiri ìjọ wa ní Jeppestown ṣì ń rùn fún ọ́ìlì. Ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni kí a tó rà á, a sì fẹ́ sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run. Iṣẹ́ mi ní Johannesburg ni kí n máa ṣírò iye ọkọ̀ tí yóò nílò àyè níbi tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé sí, nítorí náà alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní kí n bá ìjọ ṣe é. Òun ló gbà mí sílé ní Yeoville nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, mo sì rò pé irú wa kì í jà. Ojú mi ò tíì là nígbà náà.

Ìṣirò ọ̀hún ò le lójú ẹni tí kò mọ̀ wá. Ẹ ó ka àga, ẹ ó wo iye ènìyàn tó ń bá ọkọ̀ kan wá, ẹ ó pín in. Ogójì ọkọ̀ ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìsìn méjì là ń ṣe, mo sì mọ àwọn ènìyàn mi. Yorùbá kì í ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán kó gba ilé lọ. A ó kí màmá ìjọ lórí ìkúnlẹ̀, a ó béèrè ara ọmọ àti ara ìyá tó wà ní Iléṣà, ìyá kan á ṣí bùùtù, á máa ta ẹ̀lúbọ́, a ó sì dágbére títí kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Àwọn oníìsìn kejì á ti dé bá wa níbẹ̀. Mo kọ ọgọ́rin, mo wá ń yan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Alága wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìdajì ilẹ̀ tí ọkọ̀ máa dúró sí.

“Àbúrò, ṣé car wash la fẹ́ ṣí ni? Gbé e sí forty jàre. A máa announce pé kí wọ́n máa lọ sílé lẹ́yìn grace.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa kọjá lára màmá ìjọ láì kí wọn? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń pẹ́ jù níta.”

“Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Are you signing or not?”

Mi ò fọwọ́ sí i. Ó wá ẹlòmíràn tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a ṣí ilé náà, ìsìn àkọ́kọ́ ò tíì túká tí ìkejì fi dé. Ọkọ̀ dí títì títí dé ìdí robot, iná tó ń darí ọkọ̀. Awakọ̀ táksí kan bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo: “Eish, you people! Whose car is this?” Ọkọ̀ alága ni. Ó gbé e dí ẹnu géètì, òun fúnra rẹ̀ wà nínú ọgbà, ó di ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan mú, ó ń béèrè àwọn ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó rí mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba máìkì níwájú ìjọ.

“Engineer kan wà láàrin wa tó fi ẹnu burúkú sọ̀rọ̀ sí parking wa. Ohun tó sọ náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ahọ́n yẹn, a dá a lẹ́bi!”

Wọ́n ṣe àmín. Ìyá tó ń ta ẹ̀lúbọ́ fún wa ṣe àmín, ó tún wo ojú mi kó tó ṣe é. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkùnrin tó fún mi ní ibi tí mo sùn sọ mí di àjẹ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àwọn àgbà ní òótọ́ korò, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi pé ẹni tó sọ ọ́ ni yóò máa jẹ ìkorò náà. Ìyàwó mi kò gbà kí a kúrò ní ìjọ yẹn. Ó ní kí n lọ kí ẹ̀gbọ́n, pé ó ti ń darúgbó. Mi ò lọ. Ọkọ̀ méjì la wá ń gbé lọ síbẹ̀, torí pé òun fẹ́ dúró kí àwọn ènìyàn, èmi ò sì fẹ́. Òdìkejì títì ni mo ń gbé tèmi sí. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo ti jáde. Mi ò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì kí mi. Nínú gbogbo ìjọ náà, èmi nìkan ni ìṣirò alága bá mu.