Ọkọ̀ Bàbá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Wà

Nígbà tí Dáadúró ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó fi gírísì kun àwo irin tí bíréèkì máa ń dì mú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní díìsì, kí ó má baà dípẹtà. Kò mọ̀ pé ojú ibẹ̀ kì í fẹ́ ọ̀rá. Wọ́n tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, ó fimú gún ògiri ọgbà. Ọ̀gá rẹ̀ kò lù ú. Ó kàn ní, "O fẹ́ pa ìpẹtà, ó sì ku díẹ̀ kí o pa oníbàárà."

Dáadúró kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ló fún un, nítorí ọkọ̀ tó bá ti fọwọ́ kàn yóò dúró síbi tí wọ́n bá ní kó dúró. Àwọn kan ní agídí ló ní; irọ́ ni, ó kàn ń ṣọ́ra ni. A máa fi ọ̀dà kun etí àti àárín díìsì, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀dà kan ojú tí páàdì, ìyẹn ohun tí bíréèkì fi ń fún díìsì, ń dì mú. Bí oníbàárà bá fọ ọkọ̀ tán tó fẹ́ lọ gbé e kalẹ̀ sílé, Dáadúró á tẹ̀ lé e dé géètì, á ní kó kọ́kọ́ wà á yípo, kó máa rọra tẹ bíréèkì, kí ooru gbẹ omi inú rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ogbó ló ń mú irin dípẹtà. Kò tọ̀nà. Omi àti ìdúró pẹ́ ni. Ìpẹtà òru kan, páàdì á fá a kúrò bí táyà bá ti ń yí; èyí tó bá pẹ́ ni í lẹ páàdì mọ́ díìsì bí àtè.

Ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti wọlé. Bàbá ti kú, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sátidé ni í fọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe: á da omi sí i láti orí dé táyà, á tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná díẹ̀, á pa á, á fa bíréèkì ọwọ́ sókè, á ti ilẹ̀kùn. Ara ọkọ̀ ń dán. Lẹ́yìn táyà, díìsì ń pọ́n bí amọ̀.

Dáadúró bẹ̀ ẹ́ títí, Ìyá kọ̀. Lọ́jọ́ kan tí Ìyá jáde, ó yọ́ wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká. Ẹsẹ̀ bàbá gùn ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà ó fa ìjókòó síwájú, ó sì gbàgbé láti dá a padà. Ìyá rí i.

"Ta ló sún ìjókòó yìí?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo kàn fẹ́ kí bíréèkì gbẹ ni."

"Ibi tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ dé nìyẹn. Kò síbi tí mo tún ti lè rí i mọ́. O wá tìtorí bíréèkì pa á rẹ́."

Dáadúró ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ gidigidi, èémí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gé kúrú. Àbúrò Dáadúró obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó sì pe ọkọ̀ aláago kan, takisí tí wọ́n ń fi fóònù pè, kó gbé Ìyá lọ sílé ìwòsàn. Awakọ̀ ní omi ti bo afárá, òun yóò gba ẹ̀yìn wá. Àbúrò ní kí wọ́n gbé Ìyá dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò láti dúró dè é. Ìyá fúnra rẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí Dáadúró.

"Sún ìjókòó náà," ó ní.

Wọ́n gbé Ìyá sẹ́yìn ọkọ̀ bàbá. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ṣùgbọ́n táyà kò yí. Páàdì ti lẹ̀ mọ́ díìsì. Dáadúró mú òòlù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ gbé Ìyá lọ síta."

"Nínú òjò yìí? Bíréèkì lásán ni. Iṣẹ́ mi nìyí."

Ó lu páàdì ti ọ̀tún, ó já kúrò lára díìsì. Ó lu ti òsì, kò já. Ó dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń lù ú lọ. Òjò ń lu páànù, òun náà ń lu irin. Ọkọ̀ aláago ti dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò ní gbogbo àkókò yìí, ó ń fọn fèrè. Awakọ̀ náà ló sọ ọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó dúró, ó sú u, ó lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi òòlù sílẹ̀. Ẹ wá wo ojú Ìyá."

"Ó ti fẹ́ já."

Lóòótọ́ ló já. Ọkọ̀ rọra sún síwájú. Ìyá ti kú.

Àdúgbò ń sọ pé bíréèkì ló já lójú títì tí ó fi pa ìyá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà kò kọjá géètì. Àbúrò rẹ̀ kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò pè é ní bọ̀ọ̀dá mọ́; bí nǹkan bá kàn án, aládùúgbò ló ń rán sí i. Dáadúró kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, ó sì kúrò ládùúgbò.

Ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn ni gáréèjì bọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn odi ìlú. Ó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì, ó sì ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.