Ìjẹ́wọ́ Ìyá Wúrà

Lọ́lá kì í ṣe òṣèré. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa ń ṣì í pè ni, mo sì ti bá wọn wí títí ó fi sú mi. Agbálẹ̀ ni. Kíláàsì mẹ́rìnlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì ló ń gbá lójoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, lọ́nà tó lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Oǹdó ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló sin ọmọkùnrin rẹ̀ sí, Akíntóyè, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Kí ọdún náà tó yí po, ọkọ rẹ̀ náà kú. Ló bá wá iṣẹ́ wá sí Àkúrẹ́, ó fi Wúrà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ọláìtán, ní Oǹdó.

Àdéhùn wọn ni pé ọjọ́ tí Lọ́lá bá ti ní yàrá tirẹ̀, yóò wá mú ọmọ rẹ̀. Ó gba ọdún mẹ́ta. Ní ọdún tó kọjá ló rí yàrá kan ní Arakale ní Àkúrẹ́. Ó ra bẹ́ẹ̀dì kékeré sí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń gbá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, ó máa ń ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún mi.

"Tíṣà, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó gba ọlidé. Wúrà ń bọ̀."

Ní sáà yẹn kan náà ni ìdíje lítíréṣọ̀ láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ dé. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ìtàn kúkúrú kan, kí ó fi ṣe fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, kí ó sì kọ àlàyé tẹ̀ lé e: àyíká tí ìtàn náà ti jáde, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ rẹ̀, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, àti ohun tí àwòrán pẹ̀lú ohùn lè ṣe tí ìwé kò lè ṣe. Ìbùkúnọlá, ọmọ kíláàsì ọdún karùn-ún, ló kọ tiwa. Ó kọ ìtàn opó kan tí àwọn ará àdúgbò pè ní àjẹ́, tí wọ́n lù títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ìtàn tó dára ni. Àṣìlò àmì ohùn mọ́kànlá péré ni mo rí nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò lè ṣe opó náà. Bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀, ẹ̀rín ni. Ìbùkúnọlá bá lọ bẹ Lọ́lá.

"Màmá, gbólóhùn mẹ́rin péré ni ẹ máa sọ."

"Ṣé wọn ò ní nà mí?"

"Eré ni, Mà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n máa gbé sókè."

"Kí wọ́n má lọ ṣèèṣì sọ ọ́ lé mi o," Lọ́lá ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, bí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ ara ògiri ló ṣe sọ ọ́: "Èmi ni mo pa ọmọ náà." Mo dá wọn dúró.

"Ìyá Wúrà, ọmọ wo? Ìjẹ́wọ́ tí kò lórúkọ nínú, ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ lórúkọ, kó nílé, kó lọ́jọ́. Ẹ wá nǹkan tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi sọ ọ́."

"Nǹkan tí mo mọ̀, Tíṣà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri, ó kúnlẹ̀.

"Èmi Lọ́lá ni. Èmi ni mo pa Akíntóyè. Ọjọ́ Àìkú ni. Ara rẹ̀ gbóná, mo mọ̀ pé ó gbóná. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Wọn ò tíì ka oore-ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó fi lọ. Èmi ni mo pa á."

Ọmọ tó di fóònù mú ń sunkún. Mo ní ó ti dára, kí wọ́n má tún un ṣe mọ́.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí Lọ́lá nu ojú tán, ó ṣàlàyé fún mi. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wọn ló ti lọ sí ìsìn lọ́jọ́ náà. Lọ́lá kò fẹ́ lọ pè é jáde lójú ìjọ. Ó ní kí òun dúró kí ìsìn parí. Ibà ọmọ náà kò dúró. Mo kí i pẹ̀lẹ́. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé wa gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìfìwàwẹ̀dá tó péye.

Nǹkan mìíràn wà tí mo tún ṣe. Ìbùkúnọlá ti kọ "ìtàn àròsọ ni" sí ìsàlẹ̀ àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó yọ ọ́: ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù là ń kọ irú rẹ̀ sí, a kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dá ìtàn láyà. Ó yọ ọ́. Ipò kejì la gbà. Ariwo afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kẹta ni kò jẹ́ ká gba ipò kìíní, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gé ibi ìjẹ́wọ́ nìkan, ó gbé e sórí Wasáàpù kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti dé Oǹdó. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sí i lábẹ́ pé: "Ìyá kan jẹ́wọ́ ní Àkúrẹ́. Ẹ bá wa pín in."

Ọjọ́ tí a gba ọlidé, Lọ́lá wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ mú ìwé, mo bá a ní kíláàsì, ó ń gbálẹ̀.

"Wúrà ńkọ́?"

"Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi, Tíṣà. Wọ́n ní ẹnu mi làwọn ti gbọ́ ọ."

Mo ní àìmọ lítíréṣọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, èmi fúnra mi yóò lọ là wọ́n lóye. Ní Sátidé, èmi àti òun àti Ìbùkúnọlá lọ, a gbé kọ̀ǹpútà tí odindi fíìmù náà wà lórí rẹ̀ dání.

Ìyá Ọláìtán fún wa lómi. Ó wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Fíìmù yìí dáa. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Mà," Ìbùkúnọlá dáhùn.

"O káre, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo kọ Akíntóyè síbẹ̀?"

"Rárá, Mà. Ọmọ inú ìwé tèmi ò lórúkọ."

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ojú mi.

"Èmi ni mo ní kó fi orúkọ sí i," mo ní. "Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀dá ìtàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe é."

"Tíṣà, mo ka ìwé mẹ́wàá. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ eré. Ṣé ẹ ní kó sọ nǹkan tó mọ̀, àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Òun náà sì sọ ọ́."

Lọ́lá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé ibà ni."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Ìwọ nìkan lo wà nílé." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. "Ọláìtán, gbé fóònù rẹ. Lọ́lá, sọ ọ́ báyìí pé ìwọ kọ́. Bó bá wọ̀ mí lára bí èyí tí mo wò tán yìí, máa mú ọmọ rẹ lọ."

Lọ́lá kọjú sí fóònù. Ó ń fa etí ìró rẹ̀.

"Èmi Lọ́lá, èmi kọ́ ni mo pa ọmọ náà. Ibà ni. Ẹ dákun."

Ìkìlọ̀ ara ògiri. Ojú rẹ̀ gbẹ. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé kò dára.

Ìyá Ọláìtán pe Wúrà jáde. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi fíìmù ti àkọ́kọ́ hàn án, wọ́n fi ti ìkejì hàn án.

"Èwo ni màmá rẹ ti ń sọ òótọ́?"

Ọmọ náà na ìka sí ti àkọ́kọ́. "Èyí tó ti ń sunkún."

Mo ní ìbéèrè náà kò tọ̀nà. Ìyá Ọláìtán ní kí Lọ́lá padà wá ní ọlidé tó ń bọ̀ bó bá ní nǹkan mìíràn láti sọ, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé.

A wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Nígbà náà ni Lọ́lá bi mí léèrè.

"Tíṣà, ti ìkejì yẹn, kí ló kù nínú ẹ̀?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Kò dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ ọjọ́, kò sí ilé nínú rẹ̀.

"Ẹ kọ́ mi."

Láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé padà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, ó máa ń fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri kíláàsì ọdún karùn-ún, á kúnlẹ̀, Ìbùkúnọlá á gbé fóònù. Ó ti mọ ọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ti dé orí ọjọ́ Àìkú, omi á dé ojú rẹ̀. Bó bá ti dárúkọ Akíntóyè, ohùn rẹ̀ á já. Àmọ́ bó bá dé "èmi kọ́", ó máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kà, ojú rẹ̀ á sì gbẹ. Gbólóhùn tó yẹ kó gba ọmọ rẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbà á gbọ́.

"Ṣé ó ti dáa, Tíṣà?"

Mo ní kò tíì dáa. Mo ní kó tún un sọ.