Ẹní Ìrun Tí Mo Ká Sórí Àpótí Aṣọ

Ọjà Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Bàtà rọ́bà ni mò ń tà. Mo dìde láti wá bàtà tó máa bá oníbàárà kan lẹ́sẹ̀ mu, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin aṣọ tí mo jókòó lé gbingbin. Bẹ́ẹ̀, nǹkan oṣù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo ró aṣọ míràn, mo ń bá ọjà mi lọ. Ọjà ò kúkú mọ aláìsàn.

Ilé ìwòsàn obìnrin kékeré kan wà lẹ́yìn ọjà. Ìjọba ló ń sanwó agbẹ̀bí ibẹ̀, òun náà ló ń kó oògùn wá. Agbẹ̀bí tẹ ikùn mi, ó ní ó jọ fíbíróòmù, kókó ẹran tó máa ń hù nínú ilé ọmọ, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìju. Ó ní tí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, mo ṣì lè bímọ. Ó ní kí n padà wá rí dókítà tó máa ń bẹ̀ wọ́n wò. Inú mi dùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Sùlíyà, mo sì ń retí àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, àgádágodo ló pàdé mi. Ìjọba ti dáwọ́ owó dúró, agbẹ̀bí ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú Notsé.

“Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá Sùlíyà,” ẹ̀ṣọ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní. “Wọ́n á ṣí i.”

Mo ṣe sùúrù. Ọsibítù ńlá wà, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń yẹ obìnrin wò níbẹ̀, ojú sì ń tì mí. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, wọn ò ṣí ilẹ̀kùn.

Nínú ilé wa, àwa obìnrin jọ ń kírun lẹ́yìnkùlé ni. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù á ká ẹní rẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, ni mo bá ká tèmi sórí àpótí aṣọ. Mo sunkún lórí ìyẹn ju ìrora lọ. Òkè tí mo ń gùn lọ sọ́jà di ogun, àtẹ́lẹwọ́ mi funfun bí ẹ̀kọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi ló rí ẹní náà.

“Ìyàwó mi, eruku ti bo ẹní rẹ. Kí ló dé?”

“Ẹ̀jẹ̀ ni, Màmá. Kò dá.”

“Èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Kò ní kí o má kírun. Dókítà ló ń fẹ́. Dìde!”

Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, bí èmi àti àwọn obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, mo rí i pé àgádágodo kan náà ló dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. Dókítà ọkùnrin tí mo ń sá fún, jẹ́jẹ́ ló fọwọ́ kàn mí. Ó ní kókó náà ti tóbi jù, àfi kí wọ́n yọ ilé ọmọ.

“Ká ní ẹ tètè wá ni…” ó ní.

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. “Ìwọ ni mo fẹ́,” ó ní. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi bàjẹ́.

Wọ́n yọ ọ́. Ojú ọgbẹ́ ti jinná báyìí. Mo ti ń gun òkè lọ sọ́jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tó fara dà á. Ti ìjọba, n ò tíì rí ọpẹ́ tí mo máa dú. Ìwọ obìnrin tó ń kà á, má dúró ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Lẹ́yìnkùlé wa, àwọn yòókù ṣì máa ń ká ẹní wọn lóṣooṣù. Tèmi kì í kúrò nílẹ̀ mọ́.