Kọ̀ǹpútà Tí Bàbá Òǹkọ̀wé Pa

Bí ènìyàn bá fẹ́ gbayì láì ṣiṣẹ́, kí ó máa sọ pé òun ń kọ ìwé lọ́wọ́. Bí Bàbá Òǹkọ̀wé ṣe rí orúkọ rẹ̀ gbà nìyẹn. Iléeṣẹ́ omi ló ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó máa kọ lẹ́tà sí àwọn tí omi ẹ̀rọ wọn kò yọ, pé kí wọ́n máa ní sùúrù. Òfin kan sì wà ní ọ́fíìsì náà: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe lóòjọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ sílé. Kò sí ẹni tó mọ òfin yìí í pa mọ́ tó Bàbá Òǹkọ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ̀yìn tì gan-an ló kéde pé òun yóò kọ ìtàn ìdílé wọn. Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó tún rán an níṣẹ́ mọ́. Bí àwọn tó kù bá ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà, òun ń kọ ìwé. Bí wọ́n bá ń gbé àpótí láti yàrá kan sí òmíràn, wọn a máa yọ́ rìn, Bàbá Òǹkọ̀wé ń ronú.

Ó ń ronú lóòótọ́. Ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí wáyà rẹ̀ bá wà lára ògiri. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tì í pa. Ó kọ àkọlé ìwé náà ní lẹ́tà ńláńlá. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ gbólóhùn kan, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ṣí eré káàdì. Ọdún ń gorí ọdún, gbólóhùn kan náà ni, ṣùgbọ́n bó bá di ti eré káàdì, ọ̀gá ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ni inú rẹ̀ dùn jù sí ìwé náà. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ bàbá àti ìyá wọn dáadáa. Lọ́sàn-án lọ́sàn-án ló ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, yóò máa sọ ìtàn, àbúrò rẹ̀ yóò máa tẹ bọ́tìnì pápápá, òun a sì máa rò pé ọ̀rọ̀ òun ń wọ inú ìwé. Nígbà tó yá, ìgbàgbé dé sí i. Orúkọ àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ gbàgbé, ìyẹn kò burú, àwọn kan wà nínú wọn tí ìgbàgbé tọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni wọ́n ń pe ìyá àwọn. Lọ́jọ́ kan tí ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ohun tó wà lórí mi ń jò dànù," ó wí. "Jọ̀ọ́, ka ìwé yẹn fún mi kó tó jò tán."

Ìdílé bá dá ọjọ́ sí i. Ní Sátidé, gbogbo wọn yóò péjọ sí pálọ̀, Bàbá Òǹkọ̀wé yóò sì ka ìwé rẹ̀ sókè. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó láti kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe, tó kọ ọ́ sójú pé kí ó jọ̀wọ́ má pa òun títí òun yóò fi parí. Ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ti ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yìí, ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó wo wáyà tó wà lára ògiri, ó sì fà á yọ. Ó tún un kì bọ̀ ọ́, ó dúró kí ó bẹ̀rẹ̀, ó tún fà á yọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú kọ̀ǹpútà fi dúdú, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju ìlà funfun kan tó ń sọ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ó jáde síta pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣòfò. Ó ní ìwé ti bá kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn ẹbí ń wá kí i kú ìrọ́jú, ó ń mi orí, ó ń gba àánú gbogbo wọn, kí á má purọ́, ó ń gbádùn rẹ̀. Ìyá Àgbà nìkan ni kò kí i. Ó kàn ní ó dáa, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyẹn dun Bàbá Òǹkọ̀wé wọ egungun, ṣùgbọ́n ohun tó ti bọ́ ti bọ́.

Ohun tí kò rò ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, kì í gbà pé ẹnikẹ́ni ti kú títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ó ní òun mọ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agbẹ̀bí, tó máa ń gba ọmọ láàyè nínú kọ̀ǹpútà tó ti kú. Ìyá Àgbà ní òun yóò bá wọn lọ. Bàbá Òǹkọ̀wé kò jà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn, kí lẹnikẹ́ni fẹ́ rí nínú rẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ó tàn, ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tiẹ̀ wọ bàtà rẹ̀ tó dára.

Yàrá tóóró ni ṣọ́ọ̀bù Agbẹ̀bí, ó fẹ̀gbẹ́ ti ti onígbàjámọ̀. Kọ̀ǹpútà tí inú wọn ṣí sílẹ̀ kún orí pẹpẹ, àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké wà nínú ìdérí ìgò. Agbẹ̀bí tan kọ̀ǹpútà náà, ó wo ìlà funfun yẹn, ó sì mú fíláàṣì kan tí kò ju ọmọ ìka lọ jáde.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà yín ò kú," ó wí. "Ètò tó máa ń jí i láràárọ̀ ló bàjẹ́. Ètò mìíràn wà nínú fíláàṣì yìí tó lè dá jí fúnra rẹ̀. Òun ni màá fi jí i, àá kó ẹrù yín jáde."

Bàbá Òǹkọ̀wé rán an létí pé ọ̀rọ̀ aṣínà wà níbẹ̀ o. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú tó ti wó, ẹ̀yìnkùlé sì ni òun ń gbà wọlé. Ó ti fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀, ó sì yàn án pé láti ibẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn pẹ̀lú àwọ̀ tí Bàbá Òǹkọ̀wé kò rí rí.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde lọ ra omi fún Ìyá Àgbà, Bàbá Òǹkọ̀wé sún mọ́ Agbẹ̀bí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Agbẹ̀bí kò gbé ojú kúrò níbi tó ń wò. Ó ní dísìkì yìí, ibi tí fáìlì ń gbé nínú kọ̀ǹpútà, yè kooro, òun kì í sì í pe alààyè ní òkú. Ó ní òun kò ní kọ ohunkóhun sí i kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bàa bàjẹ́, òun yóò kàn kó gbogbo rẹ̀ sínú dísìkì mìíràn. Kí Bàbá Òǹkọ̀wé tó rí ohun tí yóò tún sọ, ọmọ rẹ̀ ti wọlé, fáìlì sì ti ń rọ́ jáde.

Wọ́n ṣí ìwé náà. Àkọlé ńlá, gbólóhùn kan, lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Ọmọ rẹ̀ béèrè pé ìyókù dà. Bàbá Òǹkọ̀wé ní irọ́ nílé, oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi, ẹyọ kan kò dá a lóhùn.

"Kò sí ìyókù," ó wí. "Mi ò kọ ọ́ rárá. Èmi ni mo pa kọ̀ǹpútà yẹn."

Ìyá Àgbà béèrè pé kí ló wí. Ojú ti Bàbá Òǹkọ̀wé débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ là kí ó wọlé. Agbẹ̀bí ló fọhùn, ó ní fáìlì kan tún wà níbẹ̀ o, ó sì gùn gan-an, Ìdíwọ́ ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Òǹkọ̀wé ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìwé, ibi tí òun ti ń kọ ìdí tí òun kò fi lè ṣiṣẹ́ lóòjọ́ ni, bí ti ọ́fíìsì.

Ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ bá pàdé: "Ọmọ mi wá. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ríru dà mí láàmú. Ẹnu ìyá rẹ̀ gan-an ló jogún. N kò kọ nǹkan kan." Ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ó ṣe họ́ọ̀, ó sì ń kà á lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó ní bàbá wa ra kẹ̀kẹ́, kò sì mọ̀ ọ́n gùn, ojú ń tì í láti sọ. Ó ń tì í lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, yóò ní táyà ló jò. Ó ní títí ó fi kú, táyà náà kò yé jò. N kò mọ ìdí tó fi ń sọ èyí fún mi. N kò kọ nǹkan kan."

Agbẹ̀bí yí ojú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ọmọ Bàbá Òǹkọ̀wé ń fà á wálẹ̀, ojú ewé ń tẹ̀lé ojú ewé, ẹ̀gbọ́n mi tún dé, ẹ̀gbọ́n mi tún dé. Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí bàbá rẹ̀, ó ní kí ó kà á fún ẹni tó ni ín. Bàbá Òǹkọ̀wé sún mọ́ ọn, ó sì kà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi tún dé. Ó tún sọ ti ọdún tí omi ya wọlé. Ó ní ìyá wa gbé mi sínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó ń tì mí lọ lójú omi, òun sì di etí ọpọ́n mú. Ó ní ìyá wa ń bú omi náà lọ ni, ó bú ìyá omi, ó bú bàbá omi, títí àwọn fi gun òkè. Ó ní èmi nìkan ni mo sùn. Ó gba gbogbo ọ̀sán mi lọ. N kò kọ nǹkan kan."

Ìyá Àgbà ti gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló sọ ìtàn yìí?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọmọ inú ọpọ́n yẹn ńkọ́, ta ni?"

"Èmi ni."

Ó wò ó láti orí dé bàtà rẹ̀ tó dára.

"Gbogbo èèyàn wà nínú omi, ìwọ ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀lẹ ni ọ́ láti kékeré," ó wí. "Máa kà á lọ."