Ògiri Tí Ìyá Àgbà Bá Wọn Mọ

Ọjọ́ tí ògiri kíláàsì wa wó kò lè kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ará ìlú ló fọwọ́ ara wọn mọ ilé-ìwé wa nítòsí Ìlaròó. Ìyá àgbà mi wà lára àwọn tó pọnmi po amọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ mi wá. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó tutù.

"Tíṣà, ẹ kó wọn jáde!"

"Màmá, ìdánwò ni wọ́n ń ṣe."

"Ògiri yìí ti mu òjò yó! Ẹ kó wọn jáde!"

Bí a ṣe jáde tán ni ó wó lulẹ̀ gbì.

Wọ́n kó wa lọ sí kíláàsì kejì, amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ àròkọ yìí. Láràárọ̀ ni mo ń fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Lónìí, ó tutù.