Ìka Tó Yẹ Ààlà

Òórùn ìgbẹ́ màlúù tútù ló máa ń jí wa ní abà bàbá mi, ní àfonífojì tó wà láàrin òkè méjì lẹ́yìn ìlú Tápà. Apá kan àfonífojì náà jẹ́ igbó ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko sí; apá kejì ni àwọn Fúlàní ti ń da ẹran. Oko ẹ̀gẹ́ wa wà láàrin méjèèjì.

Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé láti ya máàpù ibẹ̀, wọ́n ri èèkàn kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu abà wa gan-an, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn. Bí ìlà bá gba ibẹ̀, oko wa ti bọ́ sínú igbó ìjọba nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, tí obì kún ẹnu rẹ̀, ní, "Ààlà ni o, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ààlè" ni bàbá mi gbọ́. Ta ló fẹ́ kọjá ààlè kó lọ kú? Ìyá mi ní, "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," ó kó wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ ń bẹ lóko, ebi ń pa wá nílé.

Nígbà tó di ọ̀sán, màlúù Bàbá Àmínà, Fúlàní aládùúgbò wa, fa èèkàn náà tu, ó jẹ àkísà rẹ̀.

Bàbá mi kígbe: "Yéè! Ó ti gbé ààlè mì!"

Bàbá Àmínà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Síkírá. Lánàá, ṣòkòtò mi ló jẹ."

A jókòó, à ń retí kí màlúù kú. Ó yàgbẹ́, ó ń jẹko lọ, àwọn yòókù sì tẹ ojú ihò náà pa.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá awọnlẹ̀ padà wá, kò rí èèkàn, kò sì tíì kọ ibẹ̀ sínú ìwé. Bàbá mi ní òun ò mọ ibẹ̀ mọ́. Bàbá mi bá yíjú sí mi: "Síkírá, ibo ló wà?"

Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá nàka sí ojú ààlè, ìka rẹ̀ á rọ. Mo bá na tèmi gba ẹ̀gbẹ́, jìnnà réré, sí ìsàlẹ̀ odò níhà igbó ìjọba.

"Ọmọ yìí gbọ́n!" Ọ̀gá awọnlẹ̀ ri èèkàn tuntun síbẹ̀. Bàbá mi húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn tí mo dàgbà, mo rí máàpù náà lára ògiri ọ́fíìsì kan. Ìlà náà ń bọ̀ tààrà láti orí òkè, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó yà bàrá. Mo wò yíká kí n tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà yẹn fi ìka kan gba oko bàbá rẹ̀ là. Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin rèé: ní ìpàdé òbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gé igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ nawọ́. Mi ò fẹ́. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.